Ó Fọ Abọ́ Kí Ó Tó Lọ

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́ sódì. Èmi Yéjídé, nọ́ọ̀sì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ni akọrin ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Àwọn Ará Redan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá mẹ́ta ni wá, a ń kọ orin kọ́ńtìrì ní èdè Yorùbá ní Georgia níbí; àdúgbò Redan la ti bẹ̀rẹ̀. Bámgbóyè ń ta gìtá, Fọláhàn ń ta bánjò, èmi ń kọrin. Ilé ni mo ti bá orin yìí. Rẹ́kọ́ọ̀dù kọ́ńtìrì ni bàbá mi máa ń gbé sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, wọn á sì jókòó tì í bí ẹni tí wọ́n ń túfọ̀ fún. Nígbà tí mo dé Atlanta tí wọ́n ní orin àwọn ará ibí ni, mo ní irọ́ ni, orin bàbá mi ni.

Bámgbóyè ni ọkọ mi nígbà náà. Ọdún kọkànlá ìgbéyàwó wa ni ó kúrò nílé, ẹgbẹ́ orin sì tú ká pẹ̀lú rẹ̀, nítorí a ò lè máa fojú kan ara wa lórí ìtàgé mọ́. Ọdún méjìlá gbáko la fi wà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ Bridget, ó di díákónì. Èmi ra ilé sí Lithonia, mo tọ́ Hephzibah ọmọ wa yanjú. Nígbà tí mo wà nílé rẹ̀, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí kóòtù tú wa ká ni mo dá a padà sí "ìwọ".

Hephzibah náà ló tún kó wa jọ. Ó gbé fídíò wa àtijọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé níbo ni àwọn wọ̀nyí wọlé sí. Ni Fọláhàn bá ń sáré láàárín èmi àti Bámgbóyè bí alárinà títí ó fi rí i ṣe. A gba stúdíò kan ní Austell, Sátidé-Sátidé. A kọ orin mẹ́sàn-án, wọ́n sì dùn. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìkẹwàá jáde.

Orin náà ń jẹ́ Ó Fọ Abọ́ Kí Ó Tó Lọ. Kò sí àdììtú kankan nínú rẹ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gìtá ò sí lára ògiri, aṣọ ò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n gbogbo abọ́ ti mọ́. Ìkòkò tó ti jóná láti ìgbà Kérésìmesì, tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ha, ó ti ha á, ó ń dán. Ọkùnrin náà rí odindi wákàtí kan fi fọ abọ́, kò rí ìṣẹ́jú kan fi sọ fún mi pé òun ń lọ. Ohun tí mo kọ nìyẹn, mi ò fi ata sí i, mi ò yọ iyọ̀ kúrò níbẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mí tó o láyé mi, kò sì sí orin tí mo kọ tó dáa tó o. Mo sọ fún wọn pé bí kò bá sí nínú àwo orin yìí, kí wọ́n yọ ohùn mi kúrò nínú mẹ́sàn-án yòókù.

Bámgbóyè gbọ́ ọ tán, ó fi gìtá rẹ̀ sínú àpò, ó jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń bọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Uncle Oyèkànmí ni, Fọláhàn wà lẹ́yìn wọn, kò lè wò mí lójú. Alàgbà ìjọ wa ni Uncle, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Àwọn ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, àwọn ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà lórí òpópónà I-20. Bí ẹnì kan bá wà tí mi ò lè sọ pé rárá fún, àwọn ni, Bámgbóyè sì mọ ẹni tó yẹ kí òun rán.

Mo gbé omi wá. Wọ́n ní àwọn ò ní mu ún títí àwọn yóò fi rí ohun tí àwọn bá wá gbà.

"Yéjídé ọmọ mi, that song, fi sílẹ̀."

"Ẹ má bínú, sir. Ṣé irọ́ wà nínú ẹ̀ ni?"

"Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ọkùnrin yẹn ti di deacon. Kí ni Bridget fẹ́ sọ? Àwọn ọmọ á máa kọ ọ́ ní parking lot ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ dáadáa."

"It's twelve years. Òun gan-an ti gbàgbé."

"Tótó, ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Fọláhàn dá sí i. "Mummy Hephzibah, ẹ jọ̀ọ́ now. Nine songs ti wà nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí one song bà á jẹ́ fún wa."

"Fọláhàn, abọ́ tìẹ kọ́ ni wọ́n fọ."

Uncle mi orí. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn sílẹ̀, wọ́n di apá àga mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde díẹ̀díẹ̀, ojú wọn wà lórí rọ́ọ̀gì tó wà níwájú mi. Wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Bí àgbà bí èyí bá fi àyà lélẹ̀ bẹ ọmọdé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọmọ tó bá ṣì kọ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá a dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láyé. Orí rọ́ọ̀gì náà ni orin mi ì bá kú sí.

Mo yára. Kí wọ́n tó dìde tán, mo ti wà lórí eékún mi méjèèjì níwájú wọn, mo sì di ọwọ́ wọn méjèèjì mú ṣinṣin kí wọ́n má baà lè lọ sílẹ̀.

"Uncle, mo kúnlẹ̀ fún yín. Oore yín, mi ò lè san án. Ẹ ní kí n wá tún ilé yín ṣe lọ́la, mo ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ orin yẹn. Ó lọ, mi ò pariwo. Ó gbé ìyàwó, mi ò pariwo. Twelve years ni mo fi jókòó lẹ́yìn wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mò ń kí wọn ní happy Sunday. Ẹnu tí mi ò fi jà, òun ni mo fi kọ orin yẹn. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Wọ́n dúró lé mi lórí, mo ń gbọ́ mímí wọn. Eékún ń dùn mí, mi ò dìde. Fọláhàn ní, "Mummy Hephzibah, ẹ dìde," mo ní kó panu mọ́.

Nígbà tó pẹ́, Uncle fa ọwọ́ kan yọ, wọ́n gbé e lé mi lórí. "Mi ò rí ẹni tó ń kúnlẹ̀ kọ ẹ̀bẹ̀ rí," ni wọ́n wí. Wọ́n jókòó padà, wọ́n sì mu omi náà tán.

Ní Sátidé, aago mẹ́wàá, èmi àti Fọláhàn nìkan ló wà ní stúdíò. Samirah, ẹni tó ni stúdíò, tó sì ń gba ohùn wa sílẹ̀, bi mí bóyá ká ṣì dúró díẹ̀. Mo ní rárá, bánjò nìkan tó. Kò tó, gbogbo wa sì mọ̀ pé kò tó. Mo ti dúró sídìí máíkì kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bámgbóyè ni, gìtá wà ní èjìká rẹ̀.

"Uncle ní o kúnlẹ̀," ó wí.

"Mo kúnlẹ̀."

"Eleven years, o ò kúnlẹ̀ bẹ èmi rí."

"O ò dúró kí n bẹ̀ ọ́."

Ó jókòó, ó tún okùn gìtá ṣe, Samirah sì juwọ́ sí wa pé ká bẹ̀rẹ̀. Ó ń ta gìtá náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń yọ́ jáde nínú ilé tí wọ́n ti ń sùn. Inú bí mi. Mi ò tíì kọ ẹsẹ kìíní dé ìdajì tí mo fi dá orin dúró.

"Ta á jáde."

"Mò ń ta á."

"O ò ta á. Abẹ́ ohùn mi lo ń sá sí. Mi ò nílò sorry nínú track yìí. Gìtá ni mo fẹ́."

Mo rí i tí ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní, "Yéjídé, ṣé o fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi jẹ́rìí ta ko ara mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn."

Fọláhàn ń wo bàtà rẹ̀. Bámgbóyè tẹ̀ síwájú lórí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá bí ó ṣe máa ń ta á nígbà tí a ṣì wà ní Redan, láìdá okùn kankan sí. Mo kọjú sí i, mo kọ ọ́ sí i lójú, ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn mi há ní ẹsẹ kejì, mi ò bìkítà. Inú mi ń bàjẹ́, inú mi sì ń dùn, mi ò fi èyíkéyìí pamọ́ fún wọn.

A parí. Samirah sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì pé ó dáa, pé òun ti gbà á sílẹ̀, pé ká máa lọ sílé.

Bámgbóyè ò dìde. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Mo tún sá níbì kan," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Mi ò dárí jì í. Mo padà sídìí máíkì, mo ní kó bẹ̀rẹ̀.