Ẹja Ìkórè

Ọkọ mi Oyèkànmí ni Bàbá Ìkórè lọ́dún náà, òun ni yóò sì kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò kí ìjọ tó jẹun. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Osooro. Oúnjẹ tí Wòlíì bá sì ti gbàdúrà sí, a kì í dà á nù. Egungun tó bá ṣẹ́kù pàápàá, ilẹ̀ la ń gbẹ́ láti fi bò ó.

Bí àwa obìnrin ṣe dé etí adágún láti pọnmi láàárọ̀, ẹja ti kún ojú omi, wọ́n kọ ikùn funfun sókè. Orin bọ́ sí wa lẹ́nu. Wòlíì Adéríbigbé kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tòun ti sùtánà, ó ní Ọlọ́run Pétérù ṣì wà láàyè. Èmi olórí ìdáná náà bá wọn kó ẹja. Inú mi dùn débi pé n kò bèèrè ohun tó pa á.

Ọbẹ̀ ti jinná nígbà tí mo padà lọ pọnmi ìfọwọ́. Lékeléke kan wà létí omi, ìrù ẹja ṣì yọ lẹ́nu rẹ̀, ó ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n bí ọ̀mùtí. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, kò dìde mọ́. Mo rí òkú àwọn mìíràn nínú koríko. Awọ́nríwọ́n tó máa ń sá wọ omi bó bá ti gbọ́ ìró garawa nà gbalaja sórí gbòǹgbò, eṣinṣin bò ó.

Nígbà náà ni òórùn kan kàn mí nímú. Òun ni mo máa ń fọ̀ kúrò lára aṣọ oko ọkọ mi bó bá ti fọ́n oògùn sí kòkó. Ó fọ́n oògùn lánàá, nígbà tó sì délé, páńpù tó fi ń fọ́n oògùn náà ti mọ́ tónítóní. Èmi òmùgọ̀, mo tilẹ̀ yìn ín.

Mo ju garawa sílẹ̀, mo sáré. Wọ́n ti ṣe àmín. Àwo oúnjẹ wà níwájú ọkọ mi, Jésùtófúnmi àbígbẹ̀yìn wa jókòó lórí itan rẹ̀.

"Bàbá Tófúnmi, níbo lẹ ti fọ páńpù lánàá?"

Ó wò mí, mo sì rí i pé ó mọ̀. Ojú ìjọ ló ń bà á lẹ́rù.

"Wọ́n ti gbàdúrà sí i," ó ní. "Jókòó, Salome."

"Oògùn kòkó ló wà nínú ẹja yìí o!"

Ariwo sọ. Dora, ìyá ẹgbẹ́ akọrin, ní ẹ̀mí àìgbàgbọ́ ti gùn mí. Wòlíì bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo lé mi lórí. Inú bí mi dé góńgó. Mo mú ẹja kan nínú àwo náà, mo fi sí ọkọ mi lọ́wọ́.

"Ẹ fi bọ ọma yín lẹ́nu. Bí àdúrà bá ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ fún un jẹ kí gbogbo wa rí i."

Agogo dákẹ́. Ọmọ náà la ẹnu, nítorí ebi ń pa á. Mo ti múra láti gbá ẹja náà dànù. Ọwọ́ ọkọ mi dé agbedeméjì, ó dúró. Tófúnmi na ọrùn sí i, ni bàbá rẹ̀ bá fi ọwọ́ kejì bò ó lẹ́nu.

"Adágún ni mo ti fọ̀ ọ́," ó ní. "Mo rò pé omi á gbé e lọ."

"Adágún! Níbo ni yóò gbé e lọ?"

Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wòlíì gbé agogo kalẹ̀, ó ní kí wọ́n wá ṣọ́bìrì.

Ọkọ mi ló gbẹ́ kòtò náà, lórí òkè, jìnnà sí omi. Ó gbẹ́ ẹ jìn ju ti òkú ènìyàn lọ. A da ọbẹ̀ ìkórè sí i, a kó lékeléke àti awọ́nríwọ́n lé e lórí. Tófúnmi dúró tì wá, ó ń sunkún pé wọn kò fún òun lẹ́ja, bàbá rẹ̀ kò sì lè wo ojú rẹ̀.