Orúkọ Ìyá Adélékè

Orí obìnrin náà wà nínú àpótí dígí, eyín rẹ̀ yọ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n dá lẹ́nu. Orí Katarínà mímọ́ ni, tí àwọn ará Siẹ́nà ti tọ́jú sínú ṣọ́ọ̀ṣì bíríkì yìí láti ayébáyé. Àwọn obìnrin ìjọ tó bá ọkọ̀ òfuurufú wá láti Ìjẹ̀bú-Òde ń ṣe àmì àgbélébùú. Ìkẹ́olúwa kò ṣe é. Orí mìíràn ló ń wù ú kó rí nínú àpótí náà: orí Adélékè, ọkọ rẹ̀.

Ní Ítálì yìí kan náà ni Adélékè wà. Ó ní bí òun bá ti rí ibi fìdí lé, òun á ránṣẹ́ pe ìyàwó òun. Fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin mìíràn ló jáde, gbogbo Odogbolu, ìlú wọn, sì ti rí i lórí fóònù kí Ìkẹ́olúwa tó rí i. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

“Níbí kọ́,” ni Rachel sọ sí i létí. Aránṣọ kan nínú ìjọ wọn ni Rachel, kò sì sí àdúrà tí kò mọ ojú rẹ̀. “Jẹ́ ká dé kàtídírà ná.”

Wọ́n gba àárín àwọn ilé tóóró gòkè. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kéékèèké wà lójú ọ̀nà, Ìkẹ́olúwa sì ń yọjú sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ àdá wò lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Èyí kò mú tó. Ìyẹn náà kò mú tó.

Kàtídírà mú. Dúdú àti funfun ni wọ́n fi kọlà sí àwọn òpó rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, orí àwọn póòpù tí wọ́n gbẹ́ tò lọ rẹrẹ lókè, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. *Ẹlẹ́rìí mi ni yín,* ó sọ fún wọn nínú ọkàn rẹ̀. Ó tan àbẹ́là níwájú àwòrán Màríà.

“Sáàmù kọkàndínláàádọ́fà,” ni Rachel wí. “Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀ mọ́ ti ìyá ẹ̀ o. Adélékè pọ̀ láyé. Kí lorúkọ ìyá ẹ̀?”

Ìkẹ́olúwa la ẹnu. Kò mọ̀ ọ́n. Màmá ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín wọlé ọkọ, Màmá ló ń pè é. Ìyàwó wo ló ń dárúkọ ìyá ọkọ rẹ̀?

Rachel fọwọ́ bo ẹ̀rín. “Ìwọ obìnrin yìí! O gbé èpè láti Odogbolu dé Ítálì, o wá gbàgbé àdírẹ́sì!”

Ìkẹ́olúwa bọ́ sí kọ̀rọ̀, ó pe ilé.

“Ìyàwó mi! Ṣé o ti jẹun? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ kú ilé, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín? Mo fẹ́ fi . . .”

Ó ti hun irọ́ kan sílẹ̀, pé àdúrà ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Màmá kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Kò sí àgbàlagbà ní Ìjẹ̀bú tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi orúkọ ìyá ènìyàn ṣe.

“Ṣé Lékè lo fẹ́ fi pè?”

Ìkẹ́olúwa gbé irọ́ náà mì.

“Matilda ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì,” ni ìyá àgbà náà wí. “Má pe ìyẹn. Fáyọ̀kẹ́ ni. Òun nìyá mi fi ń pè mí. Pè é kó já geere.”

Kò bẹ̀ ẹ́. Kò rán an létí pé ọmọ òun ni.

Ìkẹ́olúwa padà síwájú àbẹ́là, fóònù wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìbínú náà ṣì wà nínú rẹ̀.

“Adélékè,” ó bẹ̀rẹ̀, “ọmọ Fáyọ̀kẹ́ . . .”

Orúkọ náà dún bí orúkọ ọmọdébìnrin tí wọ́n ń pè wálé láti odò.

“Àmín,” ni ohùn tín-ín-rín kan dáhùn láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Wọn kò tíì pa fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni Ìkẹ́olúwa kò tíì sọ ohun tí wọ́n máa ṣe àmín sí. Ó gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń mí, tó ń dúró, bí ẹni tó ti bọ́ ẹ̀yìn sílẹ̀ fún pàṣán. Ó sì wá mọ ara ẹni tí ọ̀rọ̀ tó kàn máa kọ́kọ́ bà.