Táyà Mẹ́rin Lábẹ́ Kúbùsù Mi

Rótìmí, má tíì rẹ́rìn-ín o. Ṣé o rántí téèpù dúdú tí o lẹ̀ bo iná tó ń kìlọ̀ nínú ọkọ̀ mi pé atẹ́gùn táyà ti dínkù? O ní, "Òtútù ìlú òyìnbó yìí ló ń ṣe é, má dá a lóhùn." Téèpù yẹn wọ ojú àlá mi lóru àná.

Mo bá táyà mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi kúbùsù mi bora, wọ́n ń gbọ̀n. Téèpù dúdú wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ìwọ náà jókòó tì wọ́n, o ń fi òrí pa wọ́n lára bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe fún wa nígbà ọyẹ́. Kò tiẹ̀ yà mí lẹ́nu. Àfi bí táyà ẹ̀yìn lápá òsì ṣe ṣí téèpù ẹnu ẹ̀, ó ní, "Bùọ̀dá, ta ló ní ká dákẹ́?"

Mo nàka sí ọ. Ìwọ náà nàka sí mi. Ni bẹ́ẹ̀dì bá gbéra, ó ń gbé gbogbo wa lọ lórí yìnyín.

Ibẹ̀ ni mo ti ta jí. Kúbùsù ti bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi tutù nini. N ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì lè má ní. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀ yìí, mo wọn atẹ́gùn táyà. Mẹ́ta dínkù díẹ̀. Òtútù ni, o jàre. Ti ẹ̀yìn lápá òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìṣó ló wà lára ẹ̀.

Gbé páǹpù rẹ bọ̀, kí o mú òrí dání. Téèpù ni kí o má mú wá.