Ríìmù Oníhò Márùn-ún

Ẹsẹ̀ ọmọlanke náà ni Ọládayọ̀ kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó ń tì í. Àpò sìmẹ́ǹtì kún inú rẹ̀ gègèrè, ó ń rá pálá bọ̀ láàárín àwọn tírélà tó tò sí Liverpool Road ní Apápá, táyà rẹ̀ méjèèjì sì ń yí nínú ẹrẹ̀. Èbúté Tin Can ni Ọládayọ̀ ń lọ, níbi tó ti ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù jáde. Ó gbàgbé Tin Can. Ó páàkì, ó sá tẹ̀ lé ọmọlanke náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka nu ẹrẹ̀ ojú ríìmù, ó sì ka ihò bóòtù rẹ̀. Márùn-ún ni.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

Ọkùnrin síngbọnlẹ̀ kan ló sọ̀rọ̀, òógùn ti lẹ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lára. Ó ní Justice lorúkọ òun, Ìjọ́rà Badia lòun ń gbé.

"Ríìmù rẹ yìí ni," ni Ọládayọ̀ dáhùn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú rẹ̀."

Kò parọ́ nínú ìyẹn. Mọ́tò kan wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ tí kò jọ mọ́tò ẹnikẹ́ni. Inú àpótí pákó ló wà dé èbúté Apápá, nígbà tí Bàbá Ràímì, bàbá Ọládayọ̀, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń wa kéréènì níbẹ̀. Ara rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá rà á ni yóò tò ó fúnra rẹ̀. Bàbá Ràímì tò ó sórí ìdí Volkswagen ìjàpá àtijọ́ kan, ó kùn ún ní pupa, ó sì ń fi gbé ìyàwó rẹ̀ kiri àdúgbò, tí obìnrin náà á máa fi ọwọ́ di gèlè mú nítorí pé mọ́tò náà kò lórùlé. Nígbà tí ìyàwó kú, ó gbé e sórí búlọ́ọ̀kù. Ẹnì kan jí táyà rẹ̀ lọ tòun ti ríìmù, Bàbá kò tilẹ̀ bèèrè.

Àfìgbà tí dókítà sọ pé ojú Bàbá ń lọ, pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Bàbá kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀: "Kí ojú yìí tó pa dé, mo fẹ́ rí i kó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀."

Láti ìgbà náà ni Ọládayọ̀ ti ń wá ẹ̀yà ara mọ́tò kiri. Ó rí kàbúrétọ̀ ní Owódé Onírin. Ó rí iná iwájú lọ́wọ́ bàbá kan tó ń fi í tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé adìẹ. Ríìmù ló ṣòro. Ihò mẹ́rin ló wà lára ti àwọn ìjàpá tó dé kẹ́yìn. Àwọn ti àtijọ́ ló ní márùn-ún, méjì péré ló sì rí. Méjì tó kù nìyí o, lábẹ́ ọmọlanke.

"Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn, ọ̀gá," ni Justice wí.

Ọládayọ̀ wá sọ̀rọ̀ ojú bàbá rẹ̀ fún un. Bó ti ń sọ ọ́, ó ń rí i tí ojú ọkùnrin náà ń rọ̀.

"Ẹ̀yin náà ní òmíràn tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀?"

Ó ní in. Ríìmù oníhò mẹ́rin méjì wà nínú búùtù rẹ̀ pẹ̀lú táyà wọn, èyí tó ti ṣèèṣì rà. Wọ́n ń dán bí fàdákà. Ṣùgbọ́n Kosisochukwu, wẹ́dà àdúgbò wọn, ti na ìka sí ọ̀kan nínú wọn nígbà kan rí, sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí àárín rẹ̀ ká bí irun. "Ọ̀gá, èyí ti sán. Mo lè jó o pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní gba ẹrù." Ọládayọ̀ ní kó jó o, kó sì kùn ún, torí ó ń dùn ún láti jù ú nù.

Justice fi ọwọ́ pa ọ̀dà náà. "Ṣé ó lágbára, sà? Sìmẹ́ǹtì ni mo máa ń fi kó."

Ọládayọ̀ kò wojú rẹ̀. "Ti mọ́tò ni. Kí ni sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò?"

Justice rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Wọ́n já ẹrù sílẹ̀, oníṣẹ́ irin kan lẹ́bàá ọ̀nà lu ihò tuntun sí ara irin ọmọlanke, Justice sì fúnra rẹ̀ mú bóòtù le, ó fi gbogbo agbára ara tẹ sípánà náà títí ó fi ké. Kí wọ́n tó pínyà, ó fi fóònù rẹ̀ pe nọ́ńbà Ọládayọ̀. "Tí ẹ bá tún rí irú rẹ̀, ẹ rántí mi. Ẹ bá mi kí Bàbá o."

Nínú ọkọ̀, Ọládayọ̀ ń sọ fún ara rẹ̀ pé wọ́n ti jó o pọ̀, pé irin tí wọ́n bá jó a máa le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún ní ká ní kì í ṣe ti ojú Bàbá ni, òun kì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Ó tan rédíò, ó yí i sókè.

Ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n gbé àga Bàbá wá sẹ́yìn ilé. Ọládayọ̀ fi jáàkì gbé mọ́tò náà, ó fọ ríìmù méjèèjì, ó sì gbé wọn sáyè. Ó ń mú bóòtù wọn le bí Bàbá ti kọ́ ọ: kì í ṣe èyí tó tẹ̀ lé ara wọn, bí kò ṣe kó máa fo ọ̀kan mú èkejì, díẹ̀díẹ̀, kí ríìmù má baà jókòó wọ́. Bàbá na ọwọ́, ó fi ìka wá ihò kọ̀ọ̀kan títí ó fi ka márààrún.

"Níbo lo ti rí i?"

"Lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke kan, Bàbá. A ṣe pàṣípààrọ̀."

"Inú rẹ̀ dùn sí i?"

"Ó dùn sí i."

Òótọ́ ni, ó sì tún fi sípánà fa bóòtù tó ti le tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn, mọ́tò pupa náà mì, ó rọra jókòó sórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ́ńjìnnì dún, ó kú, ó tún dún. Ọládayọ̀ gbé Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, wọ́n sì jáde sí àdúgbò. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Bàbá gbé ojú sókè sí atẹ́gùn, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ tí wọ́n ti ń pè é nígbà èwe.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ẹnu ọ̀nà ni fóònù dún. Nọ́ńbà Justice ni, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin ló gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, mi ò mọ̀ yín. Wosilat lorúkọ mi. Nọ́ńbà yín ló wà lókè nínú fóònù ọkọ mi. Ọmọlanke dà lé e lórí níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá."

Ọládayọ̀ kò bèèrè ohun tó fà á, ibi tí wọ́n wà nìkan ló bèèrè. Ó fi Bàbá sílẹ̀ nínú mọ́tò náà, ó gun ọ̀kadà.

Ọsibítù kékeré kan lẹ́bàá ojú irin ní Ìjọ́rà Badia ni wọ́n gbé Justice lọ. Ó dùbúlẹ̀, wọ́n ti fi pákó di ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, sìmẹ́ǹtì ṣì funfun nínú irun rẹ̀. Bó ti rí Ọládayọ̀, ó gbìyànjú láti dìde.

"Ọ̀gá, abẹ́g, ẹ má bínú. Mo ti ba táyà yín jẹ́. Èmi ni mi ò mú bóòtù yẹn le dáadáa. Látìgbà tó ti dà lé mi ni mo ti ń rò ó. Ọwọ́ mi ni."

Wosilat ti kúnlẹ̀, ó gba àpò ọsàn tí Ọládayọ̀ rà lọ́nà. "Ẹ wá wò wá, ẹni tí a ò mọ̀ rí! Ọlọ́run ò ní fi yín sílẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ò ní kọ. Bàbá yín á pẹ́ fún yín."

Ó dúró kí Ọládayọ̀ ṣe àmín. Kò ṣe é.

"Mọ́tò Bàbá ńkọ́?" ni Justice bèèrè. "Ṣé ó ti rìn?"

Ká ní ó bú u, bóyá Ọládayọ̀ ìbá lè dákẹ́.

"Ó rìn," ló wí. Ó wo ilẹ̀. "Justice, kì í ṣe bóòtù. Ríìmù yẹn ti sán kí n tó gbé e fún ọ. Wẹ́dà ti sọ fún mi pé kò ní gba ẹrù."

Reluwé kan ń kọjá níta, ó mi fèrèsé jìgìjìgì.

"Ẹ mọ̀?" ni Wosilat wí.

"Mo mọ̀."

Obìnrin náà dìde. Ó gbé àpò ọsàn náà padà sọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dá ohun tó ṣèèṣì mú padà fún olóhun, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọládayọ̀ ń dúró de èpè. Gbogbo ọ̀nà ló ti ń rò pé bí òun bá sọ ọ́, àyà òun á fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ṣùgbọ́n Justice kò wò ó. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè lórí ibùsùn, ó ń yí wọn wò, iwájú àti ẹ̀yìn.

"Àṣé mo mú un le," ló wí pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. "Wosilat, ṣé o gbọ́? Mo mú un le."

Ìgbà yẹn ni Ọládayọ̀ tó mọ ohun tí òun ìbá gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, lẹ́yìn ríìmù, lẹ́yìn ẹsẹ̀, ìyẹn ìgbọ́kànlé tó ní nínú ọwọ́ rẹ̀, ká ní òun ṣe àmín sí àdúrà ìyàwó rẹ̀, tí òun sì lọ sílé.