Sùtánà Dúró

Àwọn mìíràn máa ń bi dókítà bóyá ó máa dun àwọn, bóyá ojú àwọn máa yí padà. Ẹyọ kan ni ti Sẹ̀gilọlá: "Tẹ́ ẹ bá tún inú imú mi tó wọ́ yìí ṣe, ṣé màá tún lè gbóòórùn?"

Dókítà ní ó ṣeé ṣe.

Sùtánà tí Dúró ọkọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn kí òkun Eléko tó gbé e lọ wà nínú ọ̀rá nílé, láìfọ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, imú là. Ó gbóòórùn ẹja tí aládùúgbò ń yan, ló bá sáré wọlé, ó tú ọ̀rá, ó ki ojú bọ aṣọ náà.

Ọṣẹ àti búlúù ló ń rùn.

"Mo bá yín fọ̀ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ wà ní ọsibítù, Màámi," Ànú ọmọ rẹ̀ wí tayọ̀tayọ̀. "Ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́," ni Sẹ̀gilọlá fèsì, kò sì gbé ojú kúrò nínú aṣọ náà.