Ìdọ̀bálẹ̀ Muadh

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Nàfísátù fi di ọ̀rọ̀ kan sínú de Muadh, ọmọ àbúrò rẹ̀. Ilẹ̀ Wélsì ni wọ́n bí Muadh sí, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Yẹ̀kínnì, bàbá rẹ̀, ló padà wálé, tó sì kú sọ́wọ́ Nàfísátù ní Pápá Àjàó. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín gan-an, bọ́ọ̀lù ni Muadh ń gbá ní Wélsì.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o. Rọ́gíbì ni, bọ́ọ̀lù tó rí bí ìbẹ́pẹ, tí wọ́n ń gbé sáré, tí wọ́n sì ń fi èjìká gbá ara wọn lulẹ̀. Oríṣi méjì ló wà, ti ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ti ẹlẹ́ni mẹ́tàlá, Muadh sì ti gbá méjèèjì fún Wélsì. Ìwọ̀nba èèyàn ló ṣe irú ẹ̀ rí.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Muadh wọlé dé Pápá Àjàó, ọkùnrin gàgàrà tí etí rẹ̀ kan ti wú, tó ká jọ nítorí rọ́gíbì. Kí Nàfísátù tó la ẹnu, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ilé, Àǹtí."

"Dìde."

Kò dìde.

"Mo ní kó o dìde!"

"Àǹtí, mi ò lè dìde. Orúnkún mi ti bàjẹ́."

Nàfísátù ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó fà á, fà á, àfi gbì! Òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ti jáde, ṣùgbọ́n kò le mọ́.

"Kí ló dé tí o ò wá sin bàbá rẹ?"

Muadh ò sá fún un. "Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n sọ fún mi pé ó ti kú. Ẹ̀rù bà mí. Ó ń ṣe mí bíi pé tí mi ò bá wá, kò tíì kú nìyẹn. Nígbà tí mo fi ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ lọ sí ti ẹlẹ́ni mẹ́tàlá, ọ̀dàlẹ̀ làwọn kan ń pè mí nílùú ìyá mi. Bàbá nìkan ló ń pè mí lórí fóònù ní gbogbo Sọ́ńdè, á ní, 'Ṣé o ti jẹun?'"

Nàfísátù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, ó fìdí wọ́ dé ibi tí ike òrí wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa orúnkún náà.

"Bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà ńkọ́? Ṣé ẹ borí?"

"Rárá, Àǹtí. Wọ́n nà wá bí ẹni máa kú."

"Yéè! O ò wá sìnkú, wọ́n tún nà yín!" Ẹ̀rín gbé e lọ títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Muadh náà ń sunkún, kò sì fi í pamọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ sí itẹ́ òkú tí wọ́n sin Yẹ̀kínnì sí. Muadh ò mọ àdúà tí wọ́n ń ṣe fún òkú dáadáa. Nàfísátù wá ń kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró de Muadh kó máa gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí wọ́n fi ṣe Àmín.