Ọkọ̀ Mi Àtijọ́ Kọjá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mi

Kàmọ́rù, má rẹ́rìn-ín o. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń lé mi bá nínú ọkọ̀ ìdíje mi àtijọ́ tí ò lórùlé, tí táyà ẹ̀ wà níta. Lójú àlá lánàá, ọkọ̀ olórùlé tí màá fi díje ní Sátidé ni mo ń wà, àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ màmá mi la ti ń sáré. Mi ò rí táyà iwájú mi rárá. Àwọn tó kù ń fẹ̀gbẹ́ gbá mi bí ẹni ń kíni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú ọkọ̀ olórùlé. Èmi ń yà fún wọn, torí nínú ọkọ̀ mi àtijọ́, tí táyà bá kan táyà, o ti fò lọ nìyẹn. Gbogbo wọn bá kọjá.

Kóòṣì tó ń kọ́ mi ń pariwo láti ilé ìdáná: "Gbá a padà jàre! Ṣé ẹyin lo kó ni?"

Ni ọkọ̀ mi àtijọ́ bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀, ìrì wà lórí ìjókòó. Mo nawọ́ jáde kí n fọwọ́ kan táyà ẹ̀.

Ní Sátidé, màá gbá wọn, wàá rí i. Àmọ́ nígbà tí mo jí, ọwọ́ mi ti yọ síta nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ wú, mi ò sì fẹ́ fà á wọlé.